Àṣẹ Tuntun: Ẹ Má Pa Kábíyèsí Lórí Fóònù Mọ́

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń jẹun, kó dá òkèlè dúró! Ẹni tó ń tẹ fóònù, kó gbé e sílẹ̀ ná!

Ìbídùn, ọmọ Lámídì káfíńtà, ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà baba rẹ̀, tó ní òun fẹ́ mọ ibi tí àwòrán kan ti wá. Gbogbo yín lẹ mọ àwòrán náà! Kábíyèsí nà gbalaja, aṣọ funfun bò wọ́n dé àyà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ọba wàjà. Kábíyèsí sì wà ní ìrìn àjò, níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ wọn! Ẹ ò béèrè. Ẹ ti ọjà pa!

Lámídì ti búra pé Ìbídùn kò ní padà sí yunifásítì. Ó ní, “Àṣà orí íńtánẹ́ẹ̀tì lo lọ ń kọ́! Iṣẹ́ wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Lọ kọ́ aṣọ rírán.” Ẹ̀yin náà ń bá a mi orí.

Ìbídùn kò jà. Ó bi ẹni tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí i pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló fi ránṣẹ́ sí yín?” Ó bi ìyẹn. Ó tún bi ìyẹn. Ó ń tẹ̀ lé e bí ẹni ń tọ ipa ìjàlọ, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Olorì kékeré. Àṣé fídíò ni! Olorì ló ya ọkọ rẹ̀ lójú oorun, ó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, ó ní, “Gbọ́ ohun tí mò ń bá sùn.” Ẹnì kan wá yọ àwòrán nínú rẹ̀. Híhanrun ò bá àwòrán lọ! Ìbídùn gbé fídíò síwájú àwọn ìjòyè, ó yí ohùn rẹ̀ sókè. Ààfin mì! Ta ni kò mọ híhanrun yẹn? Òkú kì í hanrun! Òkú kì í hanrun! Wọ́n ṣí ọjà.

Kábíyèsí ti dé. Kábíyèsí pàṣẹ!

Ìkíní! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kéde pé Ọba wàjà, àfi tí Ọba bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ìkejì! Ẹ̀yin ọmọ ọba tẹ́ ẹ ti rán aṣọ ìgbadé, ẹ kó o wá sáàfin. Èyí tó bá bá Kábíyèsí mu, ó di ti Kábíyèsí.

Ìkẹta! Kí ẹ tó fi ìròyìn ránṣẹ́, ẹ béèrè: ta ló rí i? Ẹni tó bá rú òfin yìí yóò dúró níwájú ààfin, yóò ka gbogbo “ẹ káàárọ̀” olódòdó tó wà lórí fóònù rẹ̀ sókè, láìfo ọ̀kan!

Ìkẹrin! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi Ìbídùn mọ́ pé iṣẹ́ wo ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń ṣe. Àwọn tó kọ́ irú ẹ̀kọ́ náà wà nílé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n ń fẹ́ irọ́ kúrò lára òótọ́. Àwọn kan ń tọ́jú àwòrán àti ohùn àwọn baba wa sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ló ń gbẹnu sọ fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá tún béèrè, òun ló máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá Olorì, tí etí wọn di pátápátá!

Kábíyèsí ti fi Ìbídùn ṣe Olùtọpa Ìròyìn ìlú. Yàrá kan láàfin, pẹ̀lú iná sólà, di tirẹ̀ nígbà ìsinmi gbogbo. Lámídì ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló ru àpótí ọmọ rẹ̀ lọ sí gáréèjì láàárọ̀ yìí, kó lè padà síléèwé. Ó ń pariwo mọ́ dẹ́rẹ́bà pé, “Rọra wà á o! Òun ló jí Kábíyèsí dìde!”

Ìyẹn náà, ẹ má fi ránṣẹ́ o!

Ẹnu tèmi, ọ̀rọ̀ ààfin. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú Kábíyèsí ni. Kábíyèsí ń mí.