Gègé Ajẹ́bíidán àti Ìwé Aránṣọ

Ọkùnrin náà kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní olùkọ́ lásán. Pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀kọ́ rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ: Òǹkọ̀wé, Olùkọ́, Oníwòsàn Ọkàn. Àyè ṣì ṣẹ́ kù nísàlẹ̀. Ó ń retí oyè kẹrin. Àwọn ará àdúgbò wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Gègé Ajẹ́bíidán. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀, á wá jókòó, á kọ ìbànújẹ́ rẹ̀ sínú ìwé, á sì fi ìwé náà sílẹ̀. Gègé á gbà á, á dijú. "Ẹkún tí a kò kọ sílẹ̀, inú ikùn ló ti ń di òkúta. Màá dáná sun tiyín. Ẹ máa lọ, ara yín ti yá."

Kò dáná sun nǹkan kan rí. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń kó wọn sí, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣa ewì. Ọ̀rọ̀ ti tán nínú òun fúnra rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ìyá aránṣọ kan padà wá bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìwé mi ni mo wá gbà. Ohun tí mo kọ nípa ọmọ mi tó kú, kò sí níbòmíràn."

"Màmá, mo ti sun ún."

"Ẹ sun ún?"

"Ìwòsàn nìyẹn. Ta ní ń wá egbò tó ti jinná kiri?"

"Tèmi ò tíì jinná o, sà." Ó lọ.

Bàtà rẹ̀ kò tíì kúrò lórí àtẹ̀gùn tí Gègé ti yọ ìwé náà síta. Nọ́ńbà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kò yé e. Ohun tí kò bá sì ti yé òun, á jẹ́ pé ó jinlẹ̀ nìyẹn. Ó dà á kọ bó ṣe wà, ó fi ṣe ojú ewé kìíní.

Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ ìwé ewì rẹ̀, gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì jókòó níwájú, ó mú ìwé ẹ̀rí oyè kẹrin dání. Gègé gbọ́n apá ẹ̀wù rẹ̀, ó kà:

"Mẹ́rìnlá, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó ń rẹ́rìn-ín.
Mẹ́rìnlá, mẹ́rìnlélógún. Ó ní òtútù ń mú òun.
Mẹ́tàlá, mọ́kàndínlógún. Mo tún dín in kù. Mo gé òwú."

Àtẹ́wọ́ ró. Ọ̀gá àgbà béèrè pé, "Kí ni àwọn nọ́ńbà yìí dúró fún?"

"Ilẹ̀kùn ọkàn jẹ́ mẹ́rìnlá," ni Gègé wí. "Ìràwọ̀ tó ń ṣọ́ mi jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Mo gbààwẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ fún mi."

Obìnrin kan kùn lẹ́yìn pé, "Àbí ẹni yìí ò rán aṣọ rí ni?"

Ìyá aránṣọ dìde. "Èjìká ni mẹ́rìnlá, sà. Ìbàdí ni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níwájú pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. "Bí ọmọ mi ṣe ń rù ni mo ń wọ̀n ọ́n. Aṣọ tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlógún yẹn ni mo rán kẹ́yìn. Òun la fi sin ín."

Ẹ̀rín gé.

"Màmá, nọ́ńbà máa ń jọra…"

"Ẹ ní ẹ ti sun ún."

Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní, "Tèmi náà ńkọ́?" Ó ṣí ìwé tó wà lórí itan rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé. Ó pẹ́ díẹ̀, awakọ̀ náà fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan. "Ojú ewé kẹsàn-án. Ìyàwó mi rèé."

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rèé," ni ẹlòmíràn wí.

Ọ̀gá àgbà ká ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó tì í bọ àpò.

"Ìwé mi dà?" ni ìyá aránṣọ bi í.

"Ó wà… ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù." Gègé na kọ́kọ́rọ́ sí i.

Kò gbà á. "Ẹ lọ bá mi mú un wá. Mo jókòó síbí."

Gègé Ajẹ́bíidán ká ẹ̀wù ńlá rẹ̀ mọ́ra, ó gba àárín àwọn àga kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ká ẹsẹ̀ kò fún un.