Ogun Àjàgbé àti Ajá Tó Ń Fo Ọgbà

Ẹ rọra jókòó, ẹ tún ìdí ṣe, kí ẹ wá gbọ́ nípa Akínlàjà, àrọ́mọdọ́mọ Ògúnlẹ́yẹ, ọdẹ tó fi ẹyọ ọta kan ṣoṣo pa ẹkùn nínú igbó tí ẹlòmíì kì í gba etí rẹ̀ kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó fojú kan awọ ẹkùn náà sọ pé ó kéré díẹ̀, pé ó sì jọ awọ ológbò. Ọmọ ọmọ Fádáìnírò, akọni tó la òkun kọjá lọ sógun Bọ́mà, tó wà láàárín iná àti èéfín fún odidi ọdún méjì, nítorí pé ìdí àdògán ni wọ́n fi í sí, ìrẹsì ló sì ń sè fún àwọn sójà. Ọmọ bíbí inú Adéwándé, ọkùnrin mẹ́ta, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́, tí kò sì lu ọmọ ìka ara rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ.

Inú irú ẹ̀jẹ̀ gbígbóná bẹ́ẹ̀ ni Akínlàjà ti jáde, Àjàgbé tí ọpọlọ rẹ̀ kì í jókòó, tí kì í rí ohun tó dì kó má fẹ́ tú u, tí kì í rí ohun tó tú kó má fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dì í. Ó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì jáde ní yunifásítì, ó padà sílé ìyá rẹ̀ láti dúró de iṣẹ́, iṣẹ́ náà sì ti ń bọ̀ lọ́nà láti oṣù mẹ́rìnlá. Kí ó tó dé, Akínlàjà ti tú rédíò ilé palẹ̀, ó ti tún un tò, irin mẹ́ta ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ tí kò rí ibi fi wọ́n sí, rédíò náà sì ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀, bí èèyàn bá ti lè fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

Akọni gbọ́dọ̀ ní ọ̀tá, ọ̀tá Akínlàjà sì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Jẹ́nsinmi ni wọ́n ń pè é. Màmá Akínlàjà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi orúkọ ajá sọ ohun tí wọn kò fẹ́ là mọ́ aládùúgbò lójú, kí àwọn kan ládùúgbò náà lè máa gbọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. Àwọn yẹn gbọ́, wọ́n sinmi. Ajá nìkan ni kò sinmi. Ajá pupa bí epo, elétí kan lókè elétí kan nílẹ̀, tó máa ń dúró lẹ́sẹ̀ ògiri ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó ń ro ọjọ́ ọ̀la, tí èèyàn yóò ṣẹ́jú pẹ́, tí yóò là á, tí yóò sì bá ìrù rẹ̀ nìkan lórí ògiri, ìyókù ara rẹ̀ ti dé ilé kejì.

Ilé kejì yìí ni ọ̀ràn wà. Bọ́látitó mẹkáníìkì ló ń gbé níbẹ̀, òun àti Mojírádé ìyàwó rẹ̀, tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ tó wá láti oko láti bá wọn wẹ ọmọ, àti ọmọ náà fúnra rẹ̀, àkọ́bí, ọmọ oṣù mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bọ́látitó ti sáré wálé láti ṣọ́ọ̀bù wá mú irinṣẹ́, tó bá Jẹ́nsinmi lẹ́bàá ẹní tí wọ́n tẹ́ ọmọ sí. Lẹ́ẹ̀kejì, ó wá bá Màmá Akínlàjà lẹ́nu ọ̀nà, kò pariwo, ó dọ̀bálẹ̀ kí i dáadáa, ó sì sọ pé:

"Ma, ọdún Ògún ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo bá tún rí ajá yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi, àwọn alágbẹ̀dẹ ni n ó fà á lé lọ́wọ́. Mo ti bá wọn sọ ọ́."

Ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi ajá ṣe lọ́dún Ògún, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nílùú náà. Màmá Akínlàjà ní òun ti bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, orúnkún òun kò ní bẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá Akínlàjà ló gbé ajá náà wálé nínú àpò lẹ́tà lọ́dún tí bàbá náà kú, ajá ṣì kéré bí ọwọ́, ó ń mì tìtì. Ní ọdún mẹ́rin tí Akínlàjà fi wà ní yunifásítì, ajá yẹn ló ń sùn lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀.

Nítorí náà ni akọni ṣe dìde. Ó fi tépù wọn ògiri, ó ṣírò ìwúwo ajá, ó ya àwòrán fífò rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú ọfà àti lẹ́tà kéékèèké, ó sì kéde fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ gíga lásán ni. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ó kan páànù mọ́ orí ògiri, páànù tó ń dán gbinrin bí ìhámọ́ra ọba tó ń lọ sójú ìjà. Jẹ́nsinmi wò ó, ó sún sẹ́yìn, ó fò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ọparun lé orí páànù, tí ọgbà náà fi ga bí odi ìlú àtijọ́, tí òòrùn ìrọ̀lẹ́ kò dé orí aṣọ tí ìyá rẹ̀ sá mọ́. Jẹ́nsinmi gun igi ìdáná tí wọ́n tò síbẹ̀, ó fò ó. Akínlàjà kó igi kúrò. Ajá gun ẹ̀yìn ìkòkò omi. Ó wá fi ẹ̀wọ̀n irin so ó, ẹ̀wọ̀n tó lè dá màlúù dúró, ajá sì ké láti ìdájí títí di ọ̀sán, igbe tó jọ ti ẹni tí wọ́n kó gbogbo ilé rẹ̀ lẹ́rú, tó fi di pé ọmọ ilé kejì kò rí oorun sùn, tí Bọ́látitó fúnra rẹ̀ sì ránṣẹ́ pé, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tú u.

Níkẹyìn, ó da gíríìsì sórí ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìró àǹkárá tuntun ni ìyá rẹ̀ gbé kọ́ ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má bi mí ní ohun tó sọ. Ọjọ́ méjì ni Akínlàjà fi ń jẹ gààrí.

Kò sí èyí tó dá Jẹ́nsinmi dúró nínú gbogbo rẹ̀. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, yóò lọ. Kí aago mẹ́wàá tó lù, yóò padà, yóò máa lá ẹnu bí olóyè tó ti ibi àsè dé. Ọlọ́run ló ń bò ó láṣìírí, kò tíì bá Bọ́látitó nílé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ ọdún, ẹnì kan láti ojú pópó ta Bọ́látitó lólobó, Bọ́látitó sì búra pé òun yóò yọ wálé láàárọ̀ Ẹtì, pẹ̀lú okùn lọ́wọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Akínlàjà ṣí ìwé tó ń kọ aago tí ajá ń fò sí, ó sì rí ohun tó yẹ kó ti rí láti ọjọ́ kìn-ín-ní, bí kì í bá ṣe pé ojú ọ̀mọ̀wé ló fi ń wò ó. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, tí Mojírádé kì í jáde, ajá kì í fò. Lọ́jọ́ yòókù, tí Mojírádé bá ti jáde, ajá á na etí rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń dúró, á gbọ́ nǹkan, á wá fò. Kì í ṣe pé ajá ń sá kúrò nílé. Wọ́n ń pè é ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó dojú odó dé, ó gun orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ orí ọgbà tí òun fúnra rẹ̀ gbé ga, ó sì yọjú. Ìyá Bọ́látitó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ó ti tú ìlédìí òyìnbó kúrò nídìí ọmọ, ó gbé ọmọ jókòó sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ ṣu láyé tiwọn, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ rọ̀ ọ́. Ọmọ náà ṣe ohun tí wọ́n ń rọ̀ ọ́ kó ṣe. Màmá bá yí ojú sí ọgbà, ó sọ ohùn kalẹ̀, ó ní, "Wá gbà, wá gbà, wá gbà." Ohun pupa kan fò kọjá lórí Akínlàjà bí iná. Kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Jẹ́nsinmi ti wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti ń ṣe iṣẹ́ tí ajá ń bá àwọn ìyá ọlọ́mọ ṣe kí ìlédìí òyìnbó tó dé, ó ń ṣe é mọ́ tónítóní.

Ìyàlẹ́nu mú Akínlàjà gbàgbé pé orí gíríìsì ni ọwọ́ rẹ̀ wà. Báyìí ni akọni ṣe wọ ìlú ọ̀tá: ó fi àyà rá kọjá ọgbà, ó fi orí ṣíwájú, ó sì balẹ̀ sáàárín ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ariwo bí ìgbà tí àrá san.

Màmá kò gbé ojú kúrò lára ọmọ. "Akínlàjà," ó ní, "ajá yín ti kọ́kọ́ dé. Àbí ìwọ náà fẹ́ gbà ni?"

Akínlàjà dọ̀bálẹ̀ níbi tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kí i kú iṣẹ́, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má pe ajá mọ́. Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyàwó òun kọ òfin mọ́ ara ògiri, mọ́kànlá gbáko, ìkẹfà ni pé wọn kò gbọdọ̀ tú ìdí ọmọ sílẹ̀. Ó ní ìdí ọmọ ń gbóná nínú nǹkan yẹn, ọmọ méje lòun sì ti gbé ṣu lórí ẹsẹ̀ yìí, tó fi mọ́ Bọ́látitó tó ń pariwo kiri. Nígbà tí Akínlàjà bi í pé ṣebí ó wà níbẹ̀ nígbà tí Bọ́látitó ń lé ajá náà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun gan-an ló sọ bàtà lù ú.

"Màmá," ni Akínlàjà wí, "wọn ó pa á. Lọ́la ni Bọ́dà Bọ́látitó ń mú okùn bọ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń retí rẹ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá àgbà. Ó wo ajá, ajá náà wò ó, ó mi ìrù.

"Mo rò pé ariwo ẹnu lásán ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìbàdí mi kò jẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ìyàwó mi á rí i. Tó bá rí i, oko ni wọ́n ń dá mi padà sí, mi ò sì tíì wo ọmọ yìí yó. Ìwọ tó o kàwé, ta ló máa wá bá mi kó o?"

Ibí yìí ni kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ ìtàn yìí ti dákẹ́. Àjàgbé dìde láàárín ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, gíríìsì láyà, erùpẹ̀ lórí. Ó fi gbogbo ìmọ̀ tó kọ́ fún ọdún mẹ́rin wá ọ̀nà mìíràn, bí ọ̀gágun ṣe ń yẹ ilẹ̀ ogun wò láti orí òkè. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

"Èmi ni," ó ní.

Láàárọ̀ Ẹtì, Bọ́látitó ti ẹ̀yìn ilé yọ sí wọn, okùn wé ọwọ́ rẹ̀. Kò rí ajá. Akínlàjà ló bá, tó dúró bí ère, tó fi ṣọ́bìrì pamọ́ sẹ́yìn.

"Akin, kí lò ń ṣe nínú ilé mi?"

"Mo ní kó wá bá mi ro ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn, ó ń di ìlédìí padà mọ́ ọmọ nídìí.

Bọ́látitó wo òkè ọgbà, ó wo abẹ́ àpótí, ó tẹ́tí. Láti òdìkejì, wọ́n gbọ́ ajá tó ń hanrun. Bọ́látitó ká okùn sápò, ó ní kí Akínlàjà ro ti ìdí kànga náà mọ́ ọn. Akínlàjà ro ó. Lọ́jọ́ kejì, ọdún Ògún pé, wọ́n jó, wọ́n yìnbọn, Jẹ́nsinmi sì sùn sábẹ́ tábìlì láàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Nítorí náà, kí ó di mímọ̀ fún ọkùnrin àti obìnrin, fún onílé àti àlejò, láti ìsàlẹ̀ àgbẹ̀dẹ dé òkè ọjà, pé Akínlàjà ti ṣẹ́gun. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ kan máa ń dún láti ilé kejì pé, "Àjàgbé o." Ajá á gbé etí sókè, á rí i pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè, á tún etí sọ kalẹ̀. Akọni á gbé ṣọ́bìrì àti eérú, á gun odó, á gun páànù, á gun ọparun, á sì máa bú ẹni tó gbé ọgbà náà ga tó bẹ́ẹ̀. Ajá kankan kò fò ó mọ́ láti ọjọ́ náà, ajá kankan kò sì ní fò ó mọ́, níwọ̀n ìgbà tí Akínlàjà bá ṣì ní ẹsẹ̀ tí yóò fi máa fò ó fúnra rẹ̀.