Káàdì Àwòkọ́ṣe

Àwòkọ́ṣe ni akọ̀wé àgbà kan ń pe ara rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó bá a pè é bẹ́ẹ̀. Ọkọ fọ́ọ̀mù, baba bébà, ọ̀gá tí kì í fi àlàfo sílẹ̀ lórí ìwé.

Nígbà tí ilé ìtọ́jú ọmọdé kéde pé àwọn yóò gbé àwòrán baba tí káàdì àjẹsára ọmọ rẹ̀ bá pé jù lọ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n máa wá ìṣó sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí nìkan lọmọ náà gbà. Ó ti kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fúnra òun ni yóò máa gbé e lọ, kí ayé lè rí baba gidi. Ọ̀sẹ̀ kẹfà pé, kóòtù tó fẹ́ wọ̀ lọ ṣì wà lọ́dọ̀ télọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹwàá pé, bàtà kò bá kóòtù mu. Ó ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Àrùn kì í kúkú wo kóòtù kó tó wọlé.

Ìyàwó bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ọmọ ilé kejì ń wú ikọ́ tí kì í jẹ́ kó mí, kó má lọ ran tàwọn. Ọkọ ní kó fọkàn balẹ̀, káàdì ò ní í dójú tì wọ́n. Ló bá mú bírò, ó kọ̀wé kún gbogbo àlàfo rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ó wọ kóòtù, ó gbọ́mọ dé ilé ìtọ́jú, ìyàwó tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì àgbà ka káàdì sókè lójú gbogbo ìyá. Ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ti gbà á. Ti ìkẹwàá, ó ti gbà á. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àjẹsára èèyi, ti oṣù kẹsàn-án, ó ti gbà á. Ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún náà. Àtẹ́wọ́ dákẹ́.

“Ọmọ oṣù mélòó ni, ọ̀gá?” nọ́ọ̀sì bi í.

Ó na ọrùn. “Mẹ́ta àti díẹ̀. Ọmọ mi máa ń ṣáájú ẹgbẹ́ ẹ̀ ni.”

“Ẹ bá wa wo àgbọ̀n ẹ̀,” ìyá àgbà kan wí láti ẹ̀yìn. “Irùngbọ̀n lè ti hù.”

Ẹ̀rín ta. Nọ́ọ̀sì kọjú sí ìyàwó. “Ìyá Ìkókó, èwo ló gbà gan-an?”

“Ti ọjọ́ tí mo bí i nìkan, mà.”

Nọ́ọ̀sì ní ó pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ jù. Ti ọ̀sẹ̀ kẹfà ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó fi bírò pupa fa ilà pa gbogbo irọ́ náà. “Ẹ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, ọ̀gá. Ẹ kúkú mọ̀wé kọ.”

Àwòkọ́ṣe tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó ń fọwọ́ sí i, àwọn ìyá sì ń bá a ka iye tó kù.

Abẹ́rẹ́ wọlé, ọmọ ké. Ìyá rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó béèrè ìgbà tí àwọn yóò padà wá.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí òní,” nọ́ọ̀sì wí. “Ẹ̀yin nìkan ti tó, Ìyá Ìkókó.”