Kò Sí Àna Lórí Pápá Kíríkẹ́ẹ̀tì

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ìrókò, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń fọ abọ́, kó gbé kànìnkànìn sílẹ̀! Ẹni tó ń bá aya rẹ̀ jà, kó sinmi díẹ̀, ìjà kì í sá lọ! Ààfin ló rán agogo níṣẹ́. Agogo kò dá sọ̀rọ̀.

Kábíyèsí kí yín. Ó ní ẹ kú ìmúra. Ọ̀rọ̀ Ife Ìbílẹ̀ ló délẹ̀ yìí o! Ọ̀rọ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì! Ọdún kejì ìdíje náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ wà yìí, ojú sì ti ti ìlú yìí nínú rẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, a ó tún pàdé àwọn ará Odò-Ọ̀pẹ. Àwọn náà ni! Àwọn kan náà tó lé wa lọ sílé lésìí!

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kó tẹ́tí. Wọ́n á ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan á gbé pákó dúró níwájú igi, á máa ṣọ́ ọ. Ẹlòmíràn á sáré láti òkèèrè, á sọ bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá wó igi, ẹni tó ń ṣọ́ ọ ti jáde nìyẹn. Bó bá sì gbá bọ́ọ̀lù kọjá okùn tó yí pápá ká, àmì ńlá ni fún ìlú rẹ̀, ìlú tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Bọ́ọ̀lù níye, tó bá ti tán, ó tán, a kì í yá kún un. Ìlú tí wọ́n bá sì nà lẹ́ẹ̀kan péré, ilé ló ń lọ, ó di àmọ́dún. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀!

Lésìí, ta la gbójú lé? Ọdẹ́níran ni! Ọdẹ́níran ọmọ ọlọ́dẹ ìsàlẹ̀ ọjà, tó máa ń fi òkò kan já máńgòrò tó bá yàn lórí igi. A ní ọwọ́ Ọdẹ́níran ni ife wà. Àṣé abẹ́ ẹsẹ̀ àna ló wà! Ta ló gbé pákó jáde láti Odò-Ọ̀pẹ? Tíṣà Fátókùn ni, bàbá Ìbídùn, àfẹ́sọ́nà Ọdẹ́níran!

Ẹ ṣàánú ọmọkùnrin. Ó ti sáré dé ìdajì ọ̀nà kó tó rí ojú bàbá ìyàwó. Ó dúró gbọn-in. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú koríko. Ó dìde, ó wá rọra fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́, bí ẹni tó ń gbé omi tútù fún àlejò. Tíṣà gbá a kọjá okùn. Ọdẹ́níran tún sáré, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó mọ̀ pé òun lè wó igi náà. Ó ń rí i kedere. Ṣùgbọ́n ó ń rí Ìbídùn náà kedere, wọn kò tíì ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́, ẹ̀rù sì ń bà á. Ta ló ń wó igi bàbá ìyàwó lójú ayé, kó tún wá tọrọ ọmọ? Bọ́ọ̀lù tán. Igi Tíṣà wà lóòró. A gbé pákó tiwa, àmì wa kò tó tiwọn. A lọlé.

Nítorí náà, Kábíyèsí pàṣẹ!

Òfin kìíní! Kò sí àna lórí pápá! Kí àna dúró sẹ́yìn okùn! Títí bọ́ọ̀lù yóò fi tán, kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ọmọ ẹnì kankan. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀, òun ni yóò fi ọkọ́ ro gbogbo pápá, nínú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀!

Òfin kejì! Ìkíni kò gbọdọ̀ gùn! Lésìí, a kí wọn kú ìrìn, a kí wọn kú ọ̀nà, a béèrè ìyá wọn, a béèrè ewúrẹ́ wọn, oòrùn ti ń wọ̀ kí a tó gbé pákó tiwa. Ta ló ń rí bọ́ọ̀lù pupa nírọ̀lẹ́? Ẹ káàbọ̀ ti tó! Ẹni tó bá fi kún un, yóò lọ kí gbogbo ewúrẹ́ ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì dúró gba èsì.

Òfin kẹta! Ẹni tí igi rẹ̀ bá wó, kó jáde! Kó jáde o! Olóyè kan wà, Kábíyèsí ní kí a má dárúkọ Jagùn. Igi rẹ̀ wó, ó ní bọ́ọ̀lù náà kò kágò kó tó wọlé. Ó jókòó sórí pápá, ó ní kí wọ́n lọ pe àgbà wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Àgbà tiwa ló wọ́ orí ọmọ. Olóyè tó bá tún dán an wò, yóò máa ru omi mímu fún àwọn ọ̀dọ́, láìdé fìlà!

Òfin kẹrin, ti ewúrẹ́ ni. Èyí tó bá wọ pápá ti di ti ọlọ́bẹ̀.

Òfin karùn-ún ló wúwo jù! Ọdẹ́níran, jáde sí gbangba! Má sá sẹ́yìn ìyá rẹ! Lánàá ni ìránṣẹ́ dé láti Odò-Ọ̀pẹ. Tíṣà Fátókùn ló rán an. Inú ń bí Tíṣà! Ó ní òun gbá bọ́ọ̀lù lésìí bí òun kò ṣe gbá a rí, àmọ́ bí òun bá ti fẹnu ba ìtàn rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ òun á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ọkọ ọmọ òun ló ta òun lọ́rẹ. Ó dun bàbá náà dé ọkàn. Ó ní bí Ọdẹ́níran bá tún fi bọ́ọ̀lù ṣàánú òun ní Sátidé, kó má wulẹ̀ gbé iṣu ìdána wá. Ìránṣẹ́ náà ní Ìbídùn sin òun dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí Ọdẹ́níran jọ̀ọ́, kó bá òun wó igi bàbá òun. Òfin náà nìyẹn: Kábíyèsí ní kí Ọdẹ́níran wó igi Tíṣà!

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Láàárọ̀ yìí, Ọdẹ́níran ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé wọn. Ó dé fìlà bàbá rẹ̀ sórí ọ̀kan, kí ojú àna lè mọ́ ọn lára. Ó sáré! Ó sọ ọ́! Igi fò! Fìlà fò! Àdúgbò hó! Kí ariwo tó rọlẹ̀, Ọdẹ́níran ti dọ̀bálẹ̀ níwájú igi tó wó, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Wọ́n sọ fún Kábíyèsí. Kábíyèsí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti tún òfin kìíní ṣe. Ẹ gbàgbé ti ìṣáájú! Òfin náà nìyí: kọ́kọ́ wó igi! Tó bá ti wó, dọ̀bálẹ̀ bó ṣe wù ọ́!

Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tó sùn. Ẹni tó tún padà sùn, ẹjọ́ tirẹ̀ ni. Ààfin ló wí, agogo kàn gbé e rìn ni. Agogo ti jíṣẹ́, agogo ń lọlé.

Ọdẹ́níran, dìde nílẹ̀!