Ilẹ̀kùn Ọlọ́pẹ Ilé Àna Mi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí ayé, torí ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ mí ju bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣẹ àlejò lọ.

Ràmọ́tà, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ló mú mi lọ kí bàbá rẹ̀ lábúlé wọn, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Iṣẹ́ ọnà ayé àtijọ́ ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ bí àwọn ará Íjíbítì ṣe ń gbẹ́ òpó bí igi ọ̀pẹ, tí imọ̀ rẹ̀ á dúró digbí lókè. Nígbà tí Ràmọ́tà wá ní baba ńlá àwọn gbẹ́ ọ̀pẹ sára ilẹ̀kùn kan, n ò lè sùn mọ́. Ká tó jókòó, mo ti béèrè ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀yìnkùlé ló wà," ni ìyá rẹ̀ wí, láì gbójú kúrò nídìí ìkòkò. Ó tán síbẹ̀! Wọn ò sọ pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo bá a lóòótọ́: ọ̀pẹ gíga, ẹyìn so jìngbìnnì, ẹnì kan fi igbà gùn ún. Mo tẹ́ bébà lé e, mo ń fi èédú ra á kí àwòrán lè jáde.

"Ta ló ń ha ilẹ̀kùn?" Ohùn àgbàlagbà kan ké láti inú.

"Èmi ni, sà. Ọ̀pẹ ni mò ń yà."

"Ọ̀pẹ wo? Mò ń wẹ̀ ńbí!"

Bàbá Ràmọ́tà ni! Ohun tó yẹ kó wà ní mùsíọ́ọ̀mù, wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn balùwẹ̀! Wáyà kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi so ó mọ́ òpó. Bí mo ṣe fò sẹ́yìn, aṣọ mi fà á, wáyà já, ilẹ̀kùn wó lé mi láyà. Mo dì í mú, mo di ojú. Bí mo bá jù ú sílẹ̀, ìhòòhò àna. Ó parí nìyẹn, Ràmọ́tà ti lọ.

"Má jù ú sílẹ̀ o! Jẹ́ kí n ṣan ọṣẹ." Wọ́n sì rọra ń ṣan án! "Ṣé ìwọ lo fẹ́ fẹ́ Ràmọ́tà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Olùkọ́, sà."

"O máa ń kírun?"

"Mò ń kírun, sà."

"Ṣé o ò ní máa na ọmọ mi?"

"Bàbá, ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi nà á? Ọwọ́ mi ti kú!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n so tówẹ̀lì mọ́dìí, wọ́n bá mi gbé ilẹ̀kùn ti ògiri.

"Lajú, ọmọ mi. Ẹni tó bo àṣírí mi kó tó mọ̀ mí, ó yẹ lẹ́ni à ń fún lọ́mọ."

Áà, mo mí kanlẹ̀!

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá júwe iṣẹ́ ọnà àtijọ́ fún mi, màá kọ́kọ́ kágò. Ẹ̀sùn mi ṣì dúró o, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ rò ó fún? Àwọn tí mo fẹ́ fẹjọ́ wọn sùn náà ni mo fi ṣe àna. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ni, mo ń fọwọ́ ra àyà tí ilẹ̀kùn wó lé.