Bàtà Onírin Tí Sekoati Ṣe fún Tlali

Ẹjọ́ tó dé ààfin Morena Mohlakoana, olórí abúlé wa, lánàá, a gbọ́ ìró rẹ̀ kí a tó rí i. Kò-kò-kò ló ń dún bọ̀ lórí òkúta. Gbogbo àwa ìgbìmọ̀ dìde, a tún kúbùsù èjìká wa ṣe, a rò pé àlejò pàtàkì kan ló gun ẹṣin dé. Tlali ni, ọ̀dọ́kùnrin kan lábúlé wa. Wọ́n ti kan irin mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀, pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ sì há mọ́ ti ẹsẹ̀ ọ̀tún.

“Ta ló ṣe ọ́ báyìí?” Morena bi í.

“Ntate Sekoati, bàbá oníbàtà, ni, Morena. Ọ̀túnla ni eré ìje òkè wa. Èèyàn á sáré gun òkè, á sáré sọ̀ kalẹ̀ ní òdì kejì, á bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, á gùn ún dé odò. Ẹni tó bá pààrọ̀ bàtà lójú ọ̀nà ti jáde nínú eré nìyẹn. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣe bàtà kan ṣoṣo tó máa ṣeé fi sáré lókè, tó sì máa ṣeé fi gun kẹ̀kẹ́. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe.”

“Kí lo fẹ́ fi eré ìje ṣe gan-an?”

“Abo màlúù ni ẹ̀bùn rẹ̀, Morena. Màlúù kan ló kù nínú màlúù ìdána kí Ntate Ramoeletsi tó fún mi ní Puseletso ọmọ wọn.”

Ramoeletsi, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwa ìgbìmọ̀, wúkọ́. “Ọmọ mi ń dúró,” ló wí. “Èmi náà ń dúró.”

Sekoati bọ́ síwájú. Òun ló ń tún bàtà ṣe lábúlé wa, òun náà ló ń kan irin mọ́ pátákò ẹṣin. Ojú ò tì í rárá.

“Ọmọkùnrin yìí ní òun fẹ́ bàtà tí kò ní yọ̀ lórí òkúta. Ó ní kó má tẹ̀ tí òun bá fẹsẹ̀ ti pẹ́dàlì. Mo ronú títí, Morena. Ta ló ń gun òkè yìí tí kì í yọ̀? Ẹṣin. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń wọ bàtà fún ẹṣin, kò sí ọ̀kan tó padà wá fẹjọ́ mi sùn.”

“Ṣé mo jọ ẹṣin lójú yín ni?” Tlali bi í.

“Tí o bá ń jẹun, o jọ ọ́ díẹ̀.”

Morena fọwọ́ bo ẹnu, ó pe ẹlẹ́rìí. 'M'e Nthati, ìyá tó ń ta ọtí ọkà bàbà lẹ́bàá ọ̀nà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ìjẹta ni mo gbọ́ pátákò. Mo bu ọtí fún àlejò, mo kúnlẹ̀, mo gbé e dání. Tlali ló kọjá fìrì, kò tiẹ̀ kí mi. N ò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Bàtà yẹn dáa.”

“Kò dáa rárá,” Khoeli darandaran já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Èmi wà lókè lọ́dọ̀ àwọn màlúù mi. Ìdí ló fi sọ̀ kalẹ̀.”

“Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń jù.”

“Ojú ọ̀run ló ń jù ú sí, 'M'e.”

“Ẹ dúró ná,” Morena ní. “Ṣé ó yára ni, àbí ó ṣubú?”

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

“Ó yára, Morena,” Khoeli dáhùn, “torí pé ó ń ṣubú lọ.” 'M'e Nthati gbà bẹ́ẹ̀.

“Kẹ̀kẹ́ náà ńkọ́?”

Tlali tẹ orí ba. “Irin há mọ́ pẹ́dàlì, n kò lè gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀. Mo yí ọgbà màlúù yín po lẹ́ẹ̀meje kí n tó rí ibi rírọ̀ ṣubú sí. Pẹ́dàlì sì bá mi wá.”

“Ìwọ nìyẹn? Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń juwọ́ sí ọ. Mo rò pé o wá yẹ́ mi sí ni.”

“Mo rí yín, Morena. N kò lè juwọ́ padà.”

Ẹ̀rín pa wá. Ramoeletsi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, kó tó rántí màlúù tó sì tún fajú ro. Morena wá dájọ́.

“Sekoati, ẹṣin ò lè sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí o fi máa ń fojú díwọ̀n. Eléyìí ní ẹnu, ó sì ń lò ó ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ o ò bi í ní nǹkan kan. Wàá yọ irin yìí, wàá ṣe bàtà mìíràn fún un. Tí kò bá gba màlúù ẹ̀bùn, abo màlúù rẹ tí iwájú orí rẹ̀ funfun yẹn, Ramoeletsi ló ni ín.”

“Morena, ẹ ṣàánú mi.”

“Mi ò tíì parí. Irin tí o bá yọ, bàtà tìrẹ ni wàá kàn án mọ́. Wàá máa wọ̀ ọ́ kiri títí eré á fi parí, kí gbogbo abúlé lè máa gbọ́ iye ìgbà tí o lọ bi Tlali léèrè.”

Láàárọ̀ òní, 'M'e Nthati tún gbọ́ pátákò. Kò bu ọtí. Sekoati ló ń lọ sílé Tlali. A gbọ́ àlọ rẹ̀, a gbọ́ àbọ̀ rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin kí oòrùn tó mú. Nígbà karùn-ún, mo tẹ̀ lé e. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ bàtà mọ́ Tlali lẹ́sẹ̀.

“Tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, ṣé ìka ẹsẹ̀ rẹ ń kan ibí?”

“Ó ń kàn án, Ntate. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú. Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ní eyín tó máa di òkúta mú. Ibi tó ń tẹ pẹ́dàlì nìkan ni kó le.”

“Kí ló dé tí o ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ yìí?”

“Ẹ ò bi mí.”

Sekoati gbójú sókè, ó wo abo màlúù rẹ̀ tó ń jẹko lókèèrè. Ó wò ó pẹ́.

“Tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀,” ló ní. “Má yára.”