Wòlíì Tó Foresee Mọ́tò Felicia

Ẹ̀yin ará Thamesmead ní London níbí, ẹ kú ojú lọ́nà o. Ṣé ẹ mọ Wòlíì Akínwándé, Arí-ọ̀la-kí-ọ̀la-tó-jí? Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló wà ní Nathan Way, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Débọ̀ ti ń pààrọ̀ táyà. Awò ojú méjì ló máa ń dé: ọ̀kan lójú fún òní, ìkejì níwájú orí fún ọ̀la.

"Ẹ má pè mí ní ẹni tó ń predict!" Ariwo tó máa ń pa nìyẹn. "Predict, ti àwọn onítẹ́tẹ́ nìyẹn. Forecast, ti àwọn olójò orí tẹlifíṣọ̀n. Anticipate, ẹni tó gbé agboòrùn dání. Expect, ẹni tó kàn jókòó. Èmi? Èmi máa ń FORESEE!"

Ó wá foresee mọ́tò Sister Felicia. Carer ni Felicia, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú. Mọ́tò yẹn ló fi ń sáré láti ilé arúgbó kan sí òmíràn ní àdúgbò Moorings. Kò sí mọ́tò, kò síṣẹ́.

"Sister, mo foresee ìjàǹbá. Ọkọ̀ yẹn máa gbá nǹkan. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ sórí pẹpẹ fọ́jọ́ méje."

"Daddy, manager mi ń expect mi ní ìdájí o."

"Ẹ ń bá Ẹ̀mí jiyàn?"

Felicia gbé e sílẹ̀ tẹkúntẹkún. Bọ́ọ̀sì ló wá ń wọ̀, ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, manager sì ti ní òun máa lé e. Wòlíì ní tirẹ̀ ń fi mọ́tò náà lọ ra súyà ní Woolwich. Ojú ò tiẹ̀ tì í!

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó gun pẹpẹ. "Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn! Ìjàǹbá ti rékọjá!"

"Halelúyà!"

Àfi bí Débọ̀ ṣe wọlé, ó gbé bọ́ńpà pupa dání. "Ẹ má bínú o. Ta ló ni èyí? Mọ́tò kan gbá géètì mi láàárọ̀ yìí, ó sì já sílẹ̀ níbẹ̀."

Felicia fò dìde. "Bọ́ńpà mi rèé!"

Débọ̀ nawọ́ sí pẹpẹ. "Bàbá yìí ló wa mọ́tò náà, ojú mi ni wọ́n ṣe gbá a. Géètì ńlá bẹ́ẹ̀, wọ́n láwọn ò rí i."

Wòlíì fa awò ọ̀la wá sójú. "Ẹ... ẹ ò rí i? Mo ní á gbá nǹkan, àbí kò gbá a?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Mummy Àbẹ̀bí, ìyá ìjọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí àga. "Ẹ̀yin lẹ rí i, ẹ̀yin náà lẹ tún lọ gbá a!"

"Kọ́kọ́rọ́ mi dà?" Felicia na ọwọ́.

Wòlíì ki ọwọ́ bọ abẹ́ sùtánà. Súyà ló kọ́kọ́ jáde. Kọ́kọ́rọ́ tẹ̀lé e.

Débọ̀ bá Felicia so bọ́ńpà padà. Bí Felicia ṣe fẹ́ wa mọ́tò lọ ni Wòlíì sáré jáde láìwọ bàtà, ó ń kan gíláàsì mọ́tò. "Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ já mi sí Plumstead."

"Daddy, mo expect pé bọ́ọ̀sì ń bọ̀," Felicia dáhùn. "Ìgbà tó máa dé ni mi ò lè predict."